Bí A Ṣe Ń Fi Ìró Wọn Ohun Tó Ń Ṣàn Nínú Páìpù

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti oko dé, ẹlòmíràn ti ọjà dé, ẹlòmíràn sì ti etí òkun dé, kí ẹ tó jókòó ti ìwé. Èmi ọmọ yín kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín lágara. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò.

1. Òṣùwọ̀n ọjà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá lọ ra àgbàdo tàbí gàrí, kí ni ẹ kọ́kọ́ ń wò? Abọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni. Ẹ ó wò ó bóyá ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Ẹ ó wò ó bóyá ó kún dé ẹnu. Bí olùtà bá kẹ̀yìn sí yín nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, ẹ ó ní: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síbí.” Ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ná ọjà. Ẹni tó ń tà ń wò, ẹni tó ń rà náà ń wò. Nígbà tí ojú àwọn méjèèjì bá wà lára òṣùwọ̀n, ìjà kò sí.

Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí a kì í fi abọ́ wọ̀n. Inú páìpù ló ń gbà kọjá. Páìpù náà wà lábẹ́ ilẹ̀, tàbí lábẹ́ òkun. Ojú kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣàn lọ́sàn-án, ó ń ṣàn lóru. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Báwo wá ni ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á ṣe máa mọ iye tó kọjá? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyẹn.

2. Àwọn páìpù tó wà nítòsí wa

Ọ̀rọ̀ páìpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún àwa ará Sèmè-Kpodji. Láàárín ọdún 1982 sí ọdún 1998, wọ́n fa epo rọ̀bì nínú òkun tó wà níwájú wa níbí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nílé nígbà náà mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà, páìpù mìíràn dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Agadem, nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Niger. Gígùn rẹ̀ súnmọ́ kìlómítà 2000. Ó gba ilẹ̀ Benin kọjá láti ìhà àríwá títí dé Sèmè-Kpodji. Níbí ni wọ́n ti ń gba epo rọ̀bì náà sínú àgbá ńláńlá, kí wọ́n tó fi páìpù abẹ́ òkun gbé e lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o ni WAPCO. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé epo náà lọ.

Páìpù gáàsì náà wà. Nigeria ló ti wá. Ó wọ inú òkun lẹ́bàá Badagry, ó gba iwájú etíkun wa kọjá, ó sì ń lọ sí Takoradi ní ilẹ̀ Ghana. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678. Ẹ̀ka rẹ̀ kan yà sí ìhà Kutọnu, òmíràn yà sí Lomé, òmíràn sì yà sí Tema.

Èyí tí ọwọ́ wa kàn jù ni páìpù omi. Ẹni tó ń mu omi SONEB ní páìpù nílé. Ẹni tó ń lọ pọn omi níbi ẹ̀rọ abúlé náà, páìpù ló gbé e wá bá a.

3. Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n dáadáa?

Ẹ mú bíìrò àti ìwé yín. A fẹ́ ṣe ìṣirò díẹ̀.

Àgbá ni wọ́n fi ń ka epo rọ̀bì ní gbogbo ayé. Àgbá 1 tó lítà 159. Wọ́n ṣe páìpù Niger yìí kí àgbá 90 000 lè máa jáde lójúmọ́ lọ sí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di lítà:

90 000 × 159 = 14 310 000 lítà.

Ó lé ní mílíọ̀nù lítà 14 lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wá jẹ́ ká rò ó pé òṣùwọ̀n náà ṣì í kà díẹ̀. Nínú gbogbo àgbá 100, ó fo àgbá 1. Àgbá 1 nínú 100, ó dà bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan, àbí? Ẹ ṣírò rẹ̀. Nínú àgbá 90 000, ó ti di àgbá 900. Àgbá 900 jẹ́ lítà 143 100. Bí ẹ bá bù ú sínú bídọ́ọ̀nù onílítà 25, bídọ́ọ̀nù 5 724 ni. Ojúmọ́ kan péré nìyẹn o. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kódà bí òṣùwọ̀n bá fo àgbá 1 nínú 1 000, bídọ́ọ̀nù tó lé ní 570 ni yóò máa sọnù lójúmọ́ nínú ìwé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun mìíràn tún wà yàtọ̀ sí owó. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, àárín Niger àti Benin kò gún mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Benin kọ́kọ́ kọ̀ kí ọkọ̀ kó epo náà, lẹ́yìn náà ló gbà. Ní oṣù kẹfà, wọ́n mú ọmọ Niger 5 níbi ibùdó epo tó wà ní Sèmè-Kpodji níbí. Niger ní ṣe ni wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń kó epo sínú ọkọ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba Benin ní ọ̀nà ẹ̀tàn ni wọ́n gbà wọlé. Kò pẹ́ tí Niger fi ti páìpù náà pa. Nínú ọdún kan náà ni wọ́n tún ṣí i.

Èmi kò wá síbí láti dá ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka púpọ̀, ó sì ju agbára mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀ka kan nínú rẹ̀: ta ló yẹ kó dúró ti ẹrù nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n? Ọ̀rọ̀ abọ́ àgbàdo náà tún nìyẹn. Ọjà ló tóbi.

4. Òṣùwọ̀n tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọn omi tó ń ṣàn ni garawa àti aago. Ẹ gbé garawa onílítà 20 sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ wo aago. Bí garawa náà bá kún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 40, a jẹ́ pé lítà 1 ń jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2. Láàárín ìṣẹ́jú 1, lítà 30 ni yóò jáde. Ọ̀nà yìí dára. Ẹ lè ṣe é lọ́la níbi ẹ̀rọ abúlé yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé garawa sábẹ́ páìpù tí epo ń gbà tọ̀sán tòru?

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́. Òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wa, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní compteur. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí omi bá ń kọjá, omi á máa yí kẹ̀kẹ́ náà. Kẹ̀kẹ́ náà á máa yí àwọn nọ́ńbà tí ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ. Bí omi bá yára, kẹ̀kẹ́ á yára. Bí omi bá dúró, kẹ̀kẹ́ á dúró.

Kẹ̀kẹ́ yìí wúlò, kò sì wọ́n púpọ̀. Àmọ́ ó ní àléébù tirẹ̀. Iyanrìn máa ń jẹ ẹ́. Ìdọ̀tí lè há a. Bó bá ti gbó, kì í lè yí dáadáa mọ́, á sì máa ka iye tó dín. Bákan náà, ó dúró sójú ọ̀nà ohun tó ń kọjá. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe wá òṣùwọ̀n tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí kò ní dí ọ̀nà, tí kò sì ní fi ara kan epo pàápàá. Ìró ni wọ́n rí lò.

5. Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ lórí odò

Kí ọ̀rọ̀ ìró tó yé wa, ẹ jẹ́ ká padà sórí omi. Ẹni tó bá ti tukọ̀ rí lórí odò Ouémé ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń bá omi lọ, ó máa ń yá. Nígbà tó bá ń dojú kọ omi, ó máa ń pẹ́. Ọkọ̀ kan náà ni, apá kan náà ló ń wà á. Kí ló fa ìyàtọ̀? Omi ni. Nígbà tí à ń lọ, omi ń tì wá. Nígbà tí à ń bọ̀, omi ń fà wá sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Láti abúlé kan sí èkejì jẹ́ mítà 1 200. Ọkọ̀ bá omi lọ, ó lo ìṣẹ́jú 10. Ó dojú kọ omi padà, ó lo ìṣẹ́jú 20.

Ní lílọ: 1 200 ÷ 10 = mítà 120 ní ìṣẹ́jú 1.
Ní bíbọ̀: 1 200 ÷ 20 = mítà 60 ní ìṣẹ́jú 1.
Ìyàtọ̀: 120 – 60 = 60.

Ẹ pín 60 náà sí méjì, nítorí pé omi tì wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì fà wá lẹ́ẹ̀kan. Ó ku 30. A jẹ́ pé omi odò náà ń sáré mítà 30 ní ìṣẹ́jú 1. Apá atukọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe mítà 90. Ẹ dán an wò: 90 + 30 = 120; 90 – 30 = 60. Ó ṣe déédé.

Ẹ wò ó. A kò fi nǹkan kan wọn omi náà. Aago ni a wò, lílọ àti bíbọ̀, a sì mọ eré omi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

6. Ìró di ọkọ̀

Nínú páìpù, kò sí àyè fún atukọ̀. Ìró ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀. Ìró máa ń gba inú omi kọjá gan-an. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n: bí ẹnì kan bá gbá ara ọkọ̀, ẹja á sá. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń sáré bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1. Nínú omi, ó ń sáré tó bíi mítà 1 500 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.

Ìró tí wọ́n ń lò yìí kì í ṣe èyí tí etí wa ń gbọ́. Ìró jẹ́ ìgbọ̀n. Bí awọ ìlù ṣe ń gbọ̀n ni a fi ń gbọ́ ìlù. Bí nǹkan bá gbọ̀n ju ìgbà 20 000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, etí ènìyàn kò gbọ́ ọ mọ́. Àwọn àdán ń ké irú ìró bẹ́ẹ̀ lóru, òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí kòkòrò wà. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní ultrason. Ìró tí ẹ̀rọ ń rán gba inú omi páìpù sábà máa ń gbọ̀n bíi ìgbà mílíọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ṣe échographie rí nígbà oyún, irú ìró yìí náà ni. Ẹ rántí pé wọ́n fi ohun kan tó ń yọ̀ sí yín níkùn, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré lé e, wọ́n sì rí ọmọ láìla ikùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe lè wo páìpù láìgé e.

Níbo ni wọ́n ti rí ohun tó lè pariwo irú èyí? Lọ́dún 1880, ọmọ ìyá méjì ní ilẹ̀ Faransé, Pierre Curie àti Jacques Curie, ṣàkíyèsí pé àwọn òkúta kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná díẹ̀ á jáde lára wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé bí a bá fi iná sí òkúta náà lára, òun náà á gbọ̀n. Nítorí náà, òkúta kan náà lè jẹ́ ẹnu, ó sì lè jẹ́ etí. Bí iná bá dé, ó ń fọhùn. Bí ìró bá dé, ó ń gbọ́, ó sì ń sọ ọ́ di iná.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n ń fi sára páìpù. Ọ̀kan wà lápá òkè, níbi tí omi ti ń bọ̀. Èkejì wà lápá ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń lọ. Wọn kì í kọjú síra wọn tààrà. Ṣe ni wọ́n ń fi ìró ránṣẹ́ síra wọn ní ìdábùú. Ti òkè á ké, ti ìsàlẹ̀ á gbọ́. Lẹ́yìn náà, ti ìsàlẹ̀ á ké, ti òkè á gbọ́. Ìró tó bá omi lọ á yá. Ìró tó dojú kọ omi á pẹ́. Ọkọ̀ orí odò wa náà nìyẹn.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kéré gidigidi. Nínú páìpù tí kò tóbi, tí omi inú rẹ̀ sì ń rìn mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, ìyàtọ̀ láàárín lílọ àti bíbọ̀ ìró kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Aago ọwọ́ wa kò lè rí i. Aago inú ẹ̀rọ ló lè rí i, ó sì ń wò ó lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Oríṣi ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n kàn ń so mọ́ ẹ̀yìn páìpù. Wọ́n á nu páìpù mọ́, wọ́n á fi ohun tó ń yọ̀ sí i, wọ́n á sì dè é mọ́ ọn. Wọn kò gé páìpù, wọn kò ti omi pa. Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ inú páìpù fúnra rẹ̀. Níbi tí epo tàbí gáàsì bá ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, oríṣi kejì yìí ni wọ́n sábà ń lò, wọ́n sì máa ń fi ọ̀nà ìró tó ju ẹyọ kan lọ sí i. Ìdí ni pé ohun tó ń ṣàn kì í sáré bákan náà níbi gbogbo. Àárín máa ń yára ju ẹ̀gbẹ́ lọ, bí ti odò.

7. Láti eré dé lítà

A ti mọ eré. Báwo ni a ṣe máa mọ iye lítà? Ẹ ro omi inú páìpù bí ìrèké gígùn kan tó ń yọ jáde. Bí eré rẹ̀ bá jẹ́ mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, ìrèké tó gùn ní mítà 1 ló ń yọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù ni ká mọ bí ó ṣe sanra tó, ìyẹn bí ẹnu páìpù ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnu páìpù náà lè gba igun mẹ́rin 100, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní ẹ̀gbẹ́. Mítà 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100.

100 × 100 = 10 000.

Àpótí kéékèèké 10 000, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 níhà gbogbo. Àpótí bẹ́ẹ̀ 1 000 ló ń di lítà 1. A jẹ́ pé lítà 10 ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá 1. Ní ìṣẹ́jú 1, lítà 600. Ní wákàtí 1, lítà 36 000. Ẹnu páìpù ìdábùú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 ló ń ṣe èyí. Kò fẹ̀ ju ọwọ́ tí a tẹ́ lọ.

8. Ọ̀nà ìró kejì

Ọ̀nà kejì wà fún omi tó ní ìdọ̀tí tàbí ìfóófòó nínú. Ẹ ti gbọ́ bí fèrè ọkọ̀ ṣe máa ń dún nígbà tó bá ń sáré bọ̀ wá bá yín lójú títì. Ohùn rẹ̀ ga. Bó bá ti kọjá, ohùn náà á lọ sílẹ̀. Fèrè kò yí padà. Eré ọkọ̀ ló yí ohùn rẹ̀. Christian Doppler, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Austria, ló ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1842. Ẹ̀rọ á rán ìró sínú omi, ìró á lu ìdọ̀tí tó ń bá omi lọ, á sì padà wá pẹ̀lú ohùn tó yí díẹ̀. Bí ohùn ṣe yí tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ eré omi.

9. Ta ló ń wọn òṣùwọ̀n?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí ẹ̀rọ náà gbọ́n, kò lè ṣìnà. Bí páìpù kò bá kún, ẹ̀rọ á ka ohun tí kò sí. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú epo, ó lè da ìró rú. Bí ìpẹtà bá ti mú ẹnu páìpù dín kù, tí ẹ̀rọ ṣì rò pé ó fẹ̀ bíi ti àná, iye rẹ̀ á pọ̀ ju òótọ́ lọ. Ooru náà wà níbẹ̀. Epo máa ń wú bó bá gbóná, ó máa ń sunkì bó bá tutù. Àgbá kan lọ́sàn-án gangan kì í ṣe àgbá kan náà ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Nítorí náà, àwọn oníṣòwò epo máa ń fẹnu kò sí ìwọ̀n ooru kan, bíi 15, wọn á sì ṣírò gbogbo epo bí ẹni pé ìwọ̀n ooru yẹn ló wà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń parọ́? Wọ́n ní páìpù mìíràn tí wọ́n ti mọ iye lítà tó ń gbà dájúdájú. Bọ́ọ̀lù kan wà nínú rẹ̀. Epo á ti bọ́ọ̀lù náà láti àmì kan dé àmì kejì. Iye tó kọjá ti dájú. Wọ́n á wá wo ohun tí ẹ̀rọ kà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, wọ́n á tún ẹ̀rọ ṣe. Ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà gbé abọ́ tó péye jáde láti fi dán abọ́ gbogbo ọjà wò. Níbi ìdánwò yìí ló yẹ kí aṣojú olùtà àti aṣojú olùrà jọ wà, kí àwọn méjèèjì sì jọ buwọ́ lu ìwé. Ẹ̀rọ ń ka iye. Ìfọkàntán, ènìyàn ló ń ṣe é.

Òṣùwọ̀n ń ṣe iṣẹ́ kan sí i: ó ń fi jíjò hàn. Bí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀rẹ̀ bá ka 1 000, tí ti ìparí sì ka 950, tí a sì ti ṣírò ooru àti ohun tó wà nínú páìpù, ẹ bi ara yín: níbo ni 50 wà? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fa páìpù gáàsì abẹ́ òkun ya níwájú Lomé. Ọ̀pọ̀ oṣù ni gáàsì fi dúró. Ẹni tó bá tètè mọ̀ pé páìpù ti ya lè tètè tì í pa. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

10. Iṣẹ́ wa níbẹ̀

Ẹ lè bi mí pé, “Ọmọ, kí ni tiwa nínú gbogbo èyí? A kò ní epo, a kò ní ẹ̀rọ ìró.” Ìbéèrè dáadáa ni. Mo ní ìdáhùn mẹ́ta.

Èkíní, ẹ máa ka ẹ̀rọ omi tiyín. Nọ́ńbà dúdú ń ka mítà-kúùbù, tí a ń kọ báyìí: m³. m³ 1 jẹ́ lítà 1 000. Nọ́ńbà pupa ń ka ohun tí kò tó m³ 1. Bí nọ́ńbà dúdú oṣù tó kọjá bá jẹ́ 00245, tí ti oṣù yìí sì jẹ́ 00257, ẹ yọ ọ́: m³ 12 ni ẹ lò, ìyẹn lítà 12 000. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Nígbà tí ìwé owó omi bá dé, ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ mú ìwé yín lọ bá àwọn tó kọ owó náà, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ kì í fi ariwo jà.

Ẹ tún lè mọ̀ bí páìpù yín bá ń jò. Lálẹ́, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní aago 10. Kí ẹnikẹ́ni má bu omi. Ẹ tún un kà ní aago 5 àárọ̀. Bí ó bá ti sún lítà 70 láàárín wákàtí 7 yẹn, lítà 10 ń jò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní ojúmọ́ kan, lítà 240. Ní ọjọ́ 30, lítà 7 200. Owó yín ló ń wọ ilẹ̀.

Èkejì, níbi ẹ̀rọ omi abúlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá ka nọ́ńbà. Kí àwọn méjì jọ kà á, kí wọ́n jọ kọ ọ́, kí wọ́n sì kà á sókè níwájú ìpàdé. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ jẹ́ olè. Ó ń dáàbò bo òun gan-an, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa lè fura sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń gbé tàbí tó ń dáko nítòsí páìpù epo tàbí gáàsì, kí ó bọ̀wọ̀ fún àmì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ má dáná níbẹ̀. Bí ẹ bá rí epo lórí ilẹ̀, tàbí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má bù ú. Ẹ kó ọmọdé kúrò, ẹ pa iná, ẹ má tan fóònù níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹ tó ké sí olóyè abúlé àti àwọn panápaná. Gbogbo wa rántí ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ní Kraké. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ páìpù. Ilé ìkópamọ́ bẹntiróòlù ló gbiná. Ènìyàn tó lé ní 30 ló kú. Kò sí bídọ́ọ̀nù epo tí owó rẹ̀ tó ẹ̀mí kan.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Kí ló dé tí ìró tó bá omi lọ fi yá ju èyí tó dojú kọ omi?
2. Ọkọ̀ kan lọ mítà 600 ní ìṣẹ́jú 5 nígbà tó bá omi lọ. Ó lo ìṣẹ́jú 10 nígbà tó dojú kọ omi. Mítà mélòó ni omi náà ń sá ní ìṣẹ́jú 1?
3. Garawa onílítà 20 kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 50. Lítà mélòó ni yóò jáde ní ìṣẹ́jú 5?
4. Ẹ lọ ka ẹ̀rọ omi ilé yín tàbí ti abúlé yín lálẹ́ òní àti láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.